Djamiou Tó Kọ̀ Láti Kọ́ Bí A Ṣe Ń Ṣubú

Ohun kan ṣoṣo ló ń ba ìwà Djamiou jẹ́: kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun nílẹ̀. Ọmọ Sakété ni, ara rẹ̀ yá, ojú rẹ̀ sì là. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣèèṣì kọsẹ̀ lójú ọ̀nà, yóò sáré díẹ̀ kí àwọn èèyàn lè rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ṣàkírátù ìyá rẹ̀, tó ń ta epo àti àdín lọ́jà Sakété, a máa sọ fún un pé, "Ọmọ mi, ẹ̀rín ò pa èèyàn rí." Djamiou kò gbà á gbọ́.

Nígbà tó yá, Sylvain, ọmọ Pobè kan tó ti pẹ́ nílùú àwọn yovó, ìyẹn àwọn òyìnbó, wá sílé. Orí àwọn òkè olótùútù ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀ bí òwú. Àwọn èèyàn ibẹ̀ a máa dúró lórí pákó pẹlẹbẹ, wọn a yọ̀ tẹ̀rẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọn a máa yí, wọn a máa fò, wọn a máa dárà. Sylvain, tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní eré yìí, ń wá ọ̀dọ́ kan tí yóò bá òun padà lọ kọ́ iṣẹ́ náà. Níbo la ó ti wá rí yìnyín ní Pobè? Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ dúdú Ahoyéyé, abúlé kan lábẹ́ Pobè, ti mọ ìdáhùn. Bí òjò bá rọ̀ sórí amọ̀ yẹn, ṣe ló máa ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan níbẹ̀ ni Sylvain kó àwọn ọ̀dọ́ jọ sí, Djamiou náà wà lára wọn, ó sì fún kálukú ní pákó.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ya gbogbo wọn lẹ́nu, nítorí ṣíṣubú ni.

"Ẹ tẹ orúnkún, ẹ di ìkúùkù," ni Sylvain wí. "Ẹ má fi àtẹ́lẹwọ́ gba ilẹ̀ láé. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn lẹ ń lọ, ẹ fi ìdí jókòó kí ẹ sì yí gbirigbiri. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣubú ni mo máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dúró ni mo máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò."

Djamiou yọ ṣùtì. Fofó ni gbogbo wọn ń pe Sylvain, bí àwọn tó ń sọ Gun ti ń pe ẹ̀gbọ́n. "Fofó," ni Djamiou wí, "mi ò ti Sakété wá ṣubú lójú àwọn ará oko. Ẹ fi fífò hàn mí."

Flore ní tiẹ̀, ọmọ àgbẹ̀ kan ní Ahoyéyé, ń ṣubú láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Amọ̀ kún irun rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Djamiou yára jù ú lọ, irọ́ kò sí níbẹ̀. Láìpẹ́ ó ti ń yí sọ́tùn-ún sósì. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí pákó bá fẹ́ dà á, yóò bẹ́ sílẹ̀ tàbí kó di igbó mú. Nítorí pé ẹni tó ń kọ́ bí a ṣe ń fi gìgísẹ̀ dá pákó dúró gbọ́dọ̀ fi ìdí kanlẹ̀ dáadáa kó tó mọ̀ ọ́n, kò kọ́ ìyẹn náà.

Ọjọ́ tí Sylvain yóò yan ẹni tó ń wá kù sí dẹ̀dẹ̀. Djamiou gbọ́ pé lórí yìnyín, wọ́n máa ń fi ìda pa abẹ́ pákó kó lè sáré. Ó bu àdín nínú ọjà ìyá rẹ̀.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?" ni Ṣàkírátù bi í.

"Ara ni mo fẹ́ fi pa, Ìyá mi."

A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Djamiou fi àdín pa abẹ́ pákó rẹ̀ títí ó fi ń dán.

Lọ́jọ́ náà, òjò rọ̀ láàárọ̀, oòrùn sì yọ lẹ́yìn rẹ̀. Èrò pé, Ṣàkírátù náà wà láàárín wọn. Flore fi ìka kan ilẹ̀, ó sì sún mọ́ Djamiou.

"Ìsàlẹ̀ yẹn ti ń gbẹ. Bí amọ̀ wa bá tutù, á yọ̀. Bó bá ń gbẹ lọ, ṣe ló máa ń di nǹkan mú. Gba apá òsì, ibòji wà níbẹ̀."

"Ìwọ tó ń fi ilẹ̀ ṣe ibùsùn," ni Djamiou dáhùn, "ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi?"

Ó gbéra. Pákó náà fò lọ bí ọfà, àwọn èèyàn ń ké orúkọ rẹ̀. Ó fò sókè, fífò náà sì dára, ẹ jẹ́ kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ibi tí amọ̀ ti ń gbẹ ló balẹ̀ sí. Amọ̀ di pákó mú, kò sì di Djamiou mú. Ó na àtẹ́lẹwọ́ síwájú láti gba ilẹ̀, apá rẹ̀ sì kán.

Nígbà tí wọ́n gbé e kúrò, ó kan Flore. Ó rọra sọ̀kalẹ̀, ó ṣubú láàárín ọ̀nà, ó di ìkúùkù, ó yí gbirigbiri, ó dìde, ó sì dúró síbi tó yẹ kó dúró. Àwọn èèyàn fi í rẹ́rìn-ín. Sylvain kò rẹ́rìn-ín. "Ẹni tí mò ń wá nìyẹn," ló wí.

Ẹ̀yìn ní ń dun olókùú àdá. Nígbà tí gbogbo Ahoyéyé ń bá Flore yọ̀, Djamiou wà ní Sakété pẹ̀lú apá tí wọ́n dì mọ́ igi, ó ń sunkún. Ó dùn ún dọ́kàn. Ìyá rẹ̀ kò bá a wí. "Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú," ni Ṣàkírátù wí. "Ọmọdé ṣì ni ẹ́."

Flore bá Sylvain lọ. Nígbà tí òjò ọdún kejì bẹ̀rẹ̀, Sylvain padà wálé, Djamiou sì ti dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ṣáájú rẹ̀. "Fofó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣubú." Ó ṣubú lójú àwọn obìnrin tó ń ru ẹ̀gẹ́ bọ̀ láti oko, amọ̀ wọ̀ ọ́ létí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi sọ ẹrù kalẹ̀. Djamiou bá wọn rẹ́rìn-ín, ó gbé pákó rẹ̀, ó sì tún gun òkè lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi ti Djamiou kọ́gbọ́n. Kò sí iṣẹ́ tí a kì í ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá sì ń sá fún ẹ̀rín àwọn èèyàn nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ yóò fi ara gbà á nígbà tó bá yẹ kó jẹ èrè. Bí ẹ bá ti ṣi ọ̀nà, ẹ má jókòó síbẹ̀ sunkún títí. Ẹ padà lọ kọ́ ohun tí ẹ fò.