Bébà Tí Kò Dán

Tíṣà yọ bébà lẹ́nu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó sì fà á ya.

"O tún fa òmíràn ya!" Ṣẹ̀rífù, ọkọ rẹ̀, pariwo láti orí àga. "Kí ló ṣe bébà dídán tí mo rà?"

"Tí mo bá gbé e sókè, ojú ara mi ni mò ń rí nínú rẹ̀. Ojú ọmọ mi ni mo fẹ́ máa rí."

Ó ki èyí tí kò dán, tí òun fúnra rẹ̀ rà bọ̀ láti Ṣàgámù, sẹ́nu ẹ̀rọ. Fọ́tò Kẹ́hìndé, ọmọ wọn, jáde kedere. Ó tún tẹ ẹ̀rọ náà. Kẹ́hìndé kan náà tún jáde.

"Àpà obìnrin! Ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì?"

"Nígbà tí mo ní ká ya àwọn ìbejì wa méjèèjì ní fọ́tò, ìnáwó àpà náà lẹ pè é. Ẹ ní ó di Iléyá. Ikú ò jẹ́ kí Táyé dúró de Iléyá."

Tíṣà gbé fọ́tò méjèèjì kọ́ sára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó nàka sí èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún.

"Táyé nìyí. Ẹ kí i."

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó gba ilé ìwé lọ.