Píìnì Ẹnu Ìyá Aránṣọ

Ìyá aránṣọ fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn opó ilé kejì ṣí, ó wọlé láìkí ẹnikẹ́ni. Píìnì mẹ́ta tó fẹ́ fi ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọdún ọkọ rẹ̀ ṣì wà láàárín ètè rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń kó wọn sí láti ogójì ọdún.

Ọkọ rẹ̀ rèé lóòótọ́, bí àwọn aládùúgbò ṣe wí! Ó kẹ́yìn sí ilẹ̀kùn, ó tẹjú mọ́ ètè opó tó kùn pupa foo, bí ẹni pé oyin ń kán níbẹ̀.

"Ẹ kú ìgbádùn, olówó orí mi! Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ kì í dáhùn. Ṣé ẹnu tèmi ti gbó ni?"

Ọkọ rẹ̀ kò mira. Opó ló fọwọ́ kàn án léjìká kó tó yíjú.

"Ẹ fara balẹ̀, Màmá," ni opó wí. "Etí Bàbá ti di, ojú ló ń tì wọ́n láti sọ fún yín. Adití ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́. Mò ń kọ́ Bàbá bí wọn ó ṣe máa wo ẹnu mọ ọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ wọ ọdún tuntun láìgbọ́ tiyín."

Bàbá ń wo ẹnu ìyàwó rẹ̀ kíkankíkan.

"Ti gbogbo ènìyàn ni mò ń rí," ló wí. "Tìrẹ nìkan ló ṣòro. Jọ̀ọ́, kó píìnì kúrò lẹ́nu."

Ìyá aránṣọ tu wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wo ètè pupa opó, ó fi ahọ́n lá tirẹ̀, ó sì la ẹnu láìjẹ́ kí ohùn kankan jáde: Ẹ kú ọdún.

"Ẹ̀mí wa á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé," ni Bàbá dáhùn.