Fọ́tò Ara Ògiri Mummy Juliana

Lọ́jọ́ tí Fàsásì, tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ní London, kọ́kọ́ lọ tọ́jú Mummy Juliana ní Thamesmead, ìyá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé ọ̀hún ni. Gbogbo ẹrù ṣì wà nínú páálí. Ohun kan ṣoṣo tó wà lára ògiri ni fọ́tò ọmọkùnrin adúláwọ̀ kan tó wọ aṣọ ológun òfurufú. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé ọmọ Kánádà ni, pé ogun pa á lọ́dún 1944, lẹ́ni ọdún mọ́kànlélógún.

Kíá ló yé Fàsásì. Ìyá òyìnbó tó ti ń sún mọ́ àádọ́rùn-ún ọdún, tí kò tíì tú ife tíì jáde, tó ti gbé ọkọ kọ́! Ọmọ Ìjẹ̀bú tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé kì í wọlé kó má kí baálé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Daddy, ẹ káàárọ̀ o. Ọlọ́run á tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere."

Mummy wò ó títí, wọ́n sì rọra gbé àpò ìdọ̀tí tó wà lọ́wọ́ wọn kalẹ̀.

Látọjọ́ náà, kò sí àárọ̀ tí Fàsásì kì í dọ̀bálẹ̀. Yóò nu fọ́tò náà dáadáa kó tó gbé omi tíì kaná. Mummy á sì dúró tì í tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ títí yóò fi ṣe tán.

"Daddy Faiz, ẹ kúkú bi Mummy ẹni tó ni fọ́tò yẹn now," ni Kabirat ìyàwó rẹ̀ wí. "Just ask."

"Ta ló ń bi opó léèrè ọkọ tó kú? Èmi tí mo mojú! Mo ti wò wọ́n, ó ti yé mi."

Nígbà tó fi máa di November 2014, oṣù tí àwọn òyìnbó fi ń rántí ológun tó kú, orúnkún Mummy ti ń kọṣẹ́. Ẹ̀rù ba Fàsásì pé bí wọn ò bá dágbére fún ọkọ wọn lọ́dún yìí, ó lè má bọ́ sí i mọ́.

"Mummy, ẹ jẹ́ ká lọ sí Woolwich, níbi òkúta ìrántí àwọn ológun. Ká fi òdòdó síbẹ̀ fún Daddy."

"Nínú òtútù yìí?" Wọ́n wo ojú rẹ̀, wọ́n mí kanlẹ̀. "Ó dáa, Fàsásì. Màá lọ."

Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì. Níwájú òkúta náà, Fàsásì ṣàdúrà fọ́mọ tí ogun ò jẹ́ kó dàgbà. Àánú rẹ̀ ṣe é tọkàntọkàn. Ó sunkún títí ikun fi ń dà nímú rẹ̀. Kò sunkún tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí bàbá tirẹ̀ kú. Mummy náà sunkún.

Wọ́n wá di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n ní: "Ó yẹ kí n ti bi ọ́ tipẹ́, àánú rẹ ni kò jẹ́ kí n lè bi ọ́: ara ògiri ni mo bá fọ́tò yẹn nígbà tí mo kó dé, mo sì ti fẹ́ jù ú nù láàárọ̀ ọjọ́ tí o wọlé tí o dọ̀bálẹ̀ fún un, ṣé bàbá rẹ àgbà ni?"