Èèrà Tí Kì Í Kí Èèrà

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin o. Ẹni tó bá dúró ní ìdajì, ẹ̀rín lásán ni yóò rí mú lọ.

1.
Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títọ́jú èèrà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ gidi ni, wọ́n tiẹ̀ rán aṣọ iṣẹ́ fún un. Inú àpótí gíláàsì ńlá kan ni àwọn èèrà náà ń gbé, níbi tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ti máa ń wá wo kòkòrò. Kí ìyàwó rẹ̀ tó kú, obìnrin náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ ìyá àwọn èèrà yìí dàgbà. Wọn ò bímọ. Agbo èèrà yìí nìkan ni ohun ẹlẹ́mìí tó fi sílẹ̀ fún ọkọ rẹ̀.

Ní àràárọ̀, ọkùnrin yìí á tẹjú mọ́ gíláàsì, á máa wo bí wọ́n ṣe ń kíra wọn. Èèrà kì í pàdé èèrà kó má fi ìwo orí kàn án.

"Ọmọlúàbí ni gbogbo wọn," ló máa ń wí. Òun fúnra rẹ̀, bí ẹ bá kí i, ẹ lè dúró títí kí ẹ tó gbọ́ èsì.

2.
Ìyá Ìgbálẹ̀, tó ń nu gíláàsì, ló kọ́kọ́ rí i.

"Bàbá, ẹ wo eléyìí. Ó kọjá lára ẹni mẹ́ta, kò kí ẹnì kankan."

"Àgbà ni. Ṣé àgbà ló máa kọ́kọ́ kí ọmọdé?"

"Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ní, Bàbá! Aláǹtakùn ni. Ó kàn gbé méjì iwájú sókè bíi pé ìwo ni."

"Ìyá Ìgbálẹ̀, ogún ọdún ni mo ti ń tọ́jú èèrà. Ṣé ọwọ̀ lẹ fẹ́ fi kọ́ mi níṣẹ́?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Gíláàsì ni mo wá nù."

3.
Láàárín oṣù méjì, àwọn "àgbà" di púpọ̀. Inú ọkùnrin wa dùn. Ó ní agbo ìyàwó òun ti ń ní àgbààgbà. Okùn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ ta sí igun gíláàsì. Ó ní eruku ni. Àwọn ọmọ èèrà ń dín kù. Ó ní wọ́n ti dàgbà ni.

4.
Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bu ṣúgà sílẹ̀ fún wọn. Títí di ìrọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó tọ́ ọ wò, bẹ́ẹ̀ ilé kún fọ́fọ́, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Ó ṣí ihò ìyá wọn. Ìyá wà níbẹ̀, ó ti gbẹ, ó fúyẹ́ bí èèpo.

Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ síwájú gíláàsì.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o," ló wí. "Ṣé ẹnì kan ṣì wà nílé?"

Gbogbo wọn dúró. Gbogbo wọn yíjú sí i, wọ́n gbé ẹsẹ̀ iwájú méjì méjì sókè. Kò sí ọ̀kan tó fi kan èkejì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ ṣọ́ra. Ẹni tó jọ ará ilé yín, ẹ wò ó bóyá ó ń hùwà ará ilé. Bí ẹni tí ẹ ò kà sí bá sì ní òun rí nǹkan, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ bá a wò ó. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà.