Mùkáílà àti Àwo Orin Rẹ̀ Márùn-ún

Aago méjì ọ̀sán ni, ọyẹ́ sì ti mú kí ojú ọ̀run rí bí eérú. Ọjọ́ tí à ń ti sọ́mìlì fún ọdún ni. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ kò dé ibẹ̀ rí, ibẹ̀ ni a ti ń la igi sí pákó, lẹ́yìn ìlú Oǹdó. Lọ́jọ́ náà, a máa ń pa ẹ̀rọ, a ó gbá ìyẹ̀fun igi kúrò, a ó fi òróró pa ayùn. Bí a ti ń ṣe é, oníkálùkù yóò fi orin tó gbádùn jù lọ lọ́dún náà sínú sípíkà kan ṣoṣo tí a ní, kí gbogbo wa lè gbọ́.

Látúnjí ni ọ̀gá wa nídìí ayùn. Kò lẹ́gbẹ́ nínú iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá já ìtì igi sílẹ̀, yóò fi eegun ìka kàn án lẹ́ẹ̀kan, yóò ní, "Inú èyí ti jẹrà," a ó sì bá a bẹ́ẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ó rò pé gbogbo ohun tó wà láyé ni a lè kàn lẹ́ẹ̀kan kí a mọ inú rẹ̀.

Orin wá kan Mùkáílà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ti pẹ́ nídìí ayùn bíi Látúnjí. Ó ní àwo orin márùn-ún ni òun ṣà nínú gbogbo èyí tí òun gbọ́ lọ́dún náà, pé àwọn ará Jámánì àti ará ibòmíràn ló ṣe wọ́n. À ń retí ìlù àti akọrin. Ohun tí a gbọ́ ni irin tó ń lu irin, ẹ̀rọ tó ń kùn bí ẹni pé abẹ́ ilẹ̀ ló wà, àti obìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ní èdè tí a kò gbọ́, bí ẹni tó jókòó sínú ilé tí iná ti kú. Mo dá ìgbálẹ̀ dúró. Mo fẹ́ mọ ibi tí orin náà ń lọ.

Sùnmọ́nù, ọ̀kan nínú wa, ní, "Mùkáílà, ẹ̀rọ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́ ni, o tún ti gbé tìrẹ dé."

A rẹ́rìn-ín. Mùkáílà náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ ní sùúrù. Èyí ló ṣe ìkarùn-ún. Ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó ṣe ìkíní, tó dùn jù."

Látúnjí kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka kan orí sípíkà náà bí ẹni tó ń kan igi. "Pa á. Orin òkùnkùn ni. Irú rẹ̀ ló ń jẹ́ kí igi bọ́ lu ènìyàn lẹ́sẹ̀."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ̀kan péré dópin."

"Mo ti kàn án. Bí o bá máa gbọ́ nǹkan yìí, má padà sídìí ayùn mi lọ́dún tuntun."

Mùkáílà pa orin náà. Ó mú fóònù rẹ̀, ó kí wa pé a ó ṣe ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì lọ.

Ìsinmi dé. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí ayùn mọ ohun tí ìsinmi ń ṣe sí wa. Bí ayùn bá dákẹ́, igbe rẹ̀ kì í dákẹ́ nínú etí. Látúnjí jókòó sáàárín ẹbí rẹ̀, kò gbọ́ ohun tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń bá a sọ. Ó ń jágbe mọ́ wọn pé kí ilé dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ilé ti dákẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Fọlá, Mùkáílà náà pẹ́ nídìí ayùn. Ẹ lọ bi í bó ṣe ń ṣe tirẹ̀."

Ó kọ́kọ́ kọ̀. Nígbà tó yá, ó lọ. Mo wà níbẹ̀, mo wá kí Mùkáílà kú ọdún. Abẹ́ igi ọsàn ni Látúnjí ti bá wa, íápíìsì wà létí Mùkáílà, ara rẹ̀ sì balẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀.

"Mùkáílà, ṣé etí tìrẹ kì í hó ni?"

"Ọ̀gá, ta ni tirẹ̀ kì í hó nínú wa? Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ àwọn orin yìí nìyẹn. Bí mo bá gbọ́ orin mìíràn, igbe ayùn á lé téńté lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwọn wọ̀nyí, á pàdé irin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, á dara pọ̀ mọ́ wọn, mi ò ní mọ èyí tó jẹ́ tèmi mọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá rí i pé wọ́n tilẹ̀ dùn."

Látúnjí ní, "Padà sídìí ayùn, jọ̀ọ́."

"Mo ti ṣèlérí fún àwọn ará sọ́mìlì tó wà lódìkejì odò pé ọ̀dọ̀ wọn ni n ó ti máa ṣiṣẹ́, Ọ̀gá. Mi ò lè yí i padà. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó."

Ẹ̀yin ọmọ mi, igi ni a lè kàn lẹ́ẹ̀kan. Ènìyàn àti ohun tó fẹ́ràn, ńṣe ni a ń fetí sí wọn dópin. Látúnjí kò dúró gbọ́, ó sì pàdánù òṣìṣẹ́ tó dára jù lọ lábẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí kò wá gbọ́ ti ẹnikẹ́ni kó tó dájọ́ ńkọ́?

Látúnjí jókòó sórí àpótí. Ó ṣí fìlà, ó na ọwọ́ gba íápíìsì.

"Èwo ló ṣe ìkíní?" ló bi í.

Ó fi í sétí, ó sì dijú.