Ife Kan Lóòjọ́

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀, Baba, kí ẹ tún un gùn."

Apẹja àgbà náà tún gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú lé òṣùwọ̀n ọsibítù Ìkòròdú. Abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n náà kò yẹ̀.

"Kíndìnrín yín ò lè tọ omi jáde mọ́," ni nọ́ọ̀sì wí. "Èyí tó wà lára yín ti pọ̀ ju ohun tí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ yín lè fà lẹ́ẹ̀kan. Tó bá dé ẹ̀dọ̀fóró, ó máa pa yín. Ẹ̀ ń mumi ní kọ̀rọ̀."

"Èmi lò ń pè ní òpùrọ́?" Àwọn aláìsàn yòókù yíjú. "Ọmọ Ẹ̀jìnrìn ni mí. Lórí ọ̀sà ni òùngbẹ ti ń gbẹ mí, mi ò bomi sẹ́nu. Ife kan lẹ ní kí n máa mu lóòjọ́, mi ò kọjá ẹ̀ rí. Wallahi! Sèlíátù, sọ fún un!"

"Èmi ni mò ń bù ú, nọ́ọ̀sì," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Kì í tilẹ̀ í kún."

Nọ́ọ̀sì nawọ́ sí kẹ́ẹ̀gì tó wà lẹ́sẹ̀ obìnrin náà. "Kí wá nìyẹn?"

"O sì wé hìjáábù sórí!" Apẹja náà na ìka sí i. "Hàǹtú nìyẹn. Ààfáà wa ní Ẹ̀pẹ́ ló kọ súrà sára wàláà, tó fomi fọ̀ ọ́ fún mi. Àdúrà ni mò ń mu láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ta ló ń ka àdúrà mọ́ omi?"

Nọ́ọ̀sì gbé kẹ́ẹ̀gì náà sórí òṣùwọ̀n. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń wo abẹ́rẹ́ bó ṣe ń lọ.

Kẹ́ẹ̀gì méjì ṣì kù nílé.