Apá Àrán Tí Emmot Alágbàfọ̀ Gbà

Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹun nílé ẹni ńlá, ẹ̀yin tí wọ́n ń finú hàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín. Ẹ kà á tán pátápátá. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, torí mo mọ obìnrin náà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀.

1.
Emmot Tolley ni alágbàfọ̀ Ayaba láàfin Greenwich, létí odò Thames. Awakọ̀ ojú omi ni ọkọ rẹ̀. Omi ló gbé e lọ. Ayaba ló ṣàánú opó náà, tó fún un níṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo aṣọ ló ń fọ̀ o. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ Ayaba nìkan ni, nínú yàrá tó ní kọ́kọ́rọ́, ibẹ̀ náà ló sì ń sá a sí.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Kábíyèsí ń wá ọmọkùnrin lójú méjèèjì. Ó ti lé ìyàwó kan lọ nítorí ẹ̀. Gbogbo ààfin, títí kan àwọn aṣojú ọba ilẹ̀ òkèèrè, ló ń fẹ́ mọ̀ bóyá Ayaba rí nǹkan oṣù rẹ̀ tàbí kò rí i. Ta ló sì máa mọ̀ ọ́n ju ẹni tó ń fọ aṣọ lọ? Ìdí nìyẹn tí Ayaba fi mú kó búra lórí Ìwé Mímọ́.

2.
Nígbà Kérésìmesì, Ayaba lóyún. Wọ́n lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì, Kábíyèsí jó. Àmọ́ nínú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, nígbà tí Kábíyèsí wà lóko ọdẹ, oyún náà bàjẹ́. Ayaba fúnra rẹ̀ ló gbé aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ ti bà jẹ́ fún Emmot.

"Emmot, ìwọ àti dókítà mi nìkan ló mọ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Kábíyèsí ń bọ̀. Jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Olorì mi."

"Tó bá gbọ́ ọ níta, á ní mo ti ń tan òun jẹ ni. Ilé mi dà rú nìyẹn."

"Kò ní jáde lẹ́nu mi. Àfi tí mo bá kú."

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n sọ̀rọ̀ yìí.

3.
Lédì Ursley, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń wọṣọ fún Ayaba, ní ọmọ ẹ̀gbọ́n kan, ọmọbìnrin tó rẹwà, ó sì ń wá ọ̀nà tí Kábíyèsí fi máa rí i. Lọ́jọ́bọ̀, ó yà sí yàrá ìfọṣọ. Ó tú ìdì kan: apá aṣọ méjì, àrán pupa, irú èyí tí àwọn obìnrin ààfin ń so mọ́ èjìká aṣọ wọn.

"Kí lẹ fẹ́ kí n fi eléyìí ṣe, mà?"

"Fọwọ́ kàn án ná."

Emmot fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọdún mẹ́rin ni omi eérú tó fi ń fọṣọ ti ń bó o lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà, ẹ wò ó.

"Mi ò lè sọ nǹkan kan, mà. Mo ti búra."

"Ta ló ní kó o sọ̀rọ̀? Tí kò bá sẹ́jẹ̀ lára aṣọ Ayaba, kó àrán mi fún mi. Tó bá wà, máa kó o lọ sílé."

Emmot wolẹ̀. Ó wo àrán. Ó ká a, ó tì í sínú agbọ̀n rẹ̀. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo! Ó wá ń tan ara rẹ̀ pé òun kò ba ìbúra òun jẹ́.

4.
Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì tó ṣú, ẹ̀gbọ́n Lédì Ursley ti gun ẹṣin dé ọ̀dọ̀ Kábíyèsí. Kábíyèsí kò tiẹ̀ padà wá. Ìwé ló fi ránṣẹ́ pé kí Ayaba kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ilé olókùúta kan láàárín àbàtà, níbi tí òtútù ti ń pa ẹyẹ. Ayaba wọ ọkọ̀ ojú omi tòun tẹkún. Dókítà rẹ̀ ló ń fura sí.

Emmot náà sunkún, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kò dá àrán padà.

5.
Lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, ó so àrán mọ́ aṣọ, ó gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ìyá Sabin, àgbà nínú àwọn alágbàfọ̀, fà á sẹ́yìn.

"Ṣé orí ẹ pé báyìí? O ò mọ̀ pé òfin ò jẹ́ kí irú wa wọ àrán?"

"Ìyá, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Ẹni tí ò ní ló ń ka òfin."

Wọn ò tíì kọ orin kejì tí àwọn ẹ̀ṣọ́ fi mú un. Ó ní Lédì Ursley ló fún òun. Wọ́n pe Lédì Ursley.

"Èmi? Kí n kó àrán fún alágbàfọ̀? Láti Lẹ́ńtì ni mo ti ń wá a!"

Ẹni tó bá jalè láàfin, okùn ni wọ́n fi ń so ó kọ́. Bí Emmot bá sì sọ ìdí tó fi gbà á, ọ̀ràn náà á tún ju olè lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè jẹ́rìí ìwà rẹ̀ kí wọ́n gbà á gbọ́: Ayaba.

6.
Ìyá Sabin bẹ àlùfáà kó kọ̀wé sí Ayaba. Èsì dé lọ́jọ́ ìdájọ́, adájọ́ sì kà á sókè:

"Mo mọ Emmot Tolley. Ọdún mẹ́rin ni àṣírí mi fi wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tà mí. Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kì í jalè. Ẹ dákun, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Àwọn tó kù tó fẹ́ràn mi ò pọ̀ mọ́."

Adájọ́ ká ìwé náà. "Emmot, máa lọ sílé."

Emmot kò lọ. Ó wólẹ̀ síbẹ̀, ó ké bí ẹni tí wọ́n dáná sun.

"Èmi ni mo tà á! Ẹ sọ fún un pé èmi ni!"

Ìyá Sabin sáré bò ó lẹ́nu. Ó ti pẹ́ jù. Nítorí ẹ̀bẹ̀ Ayaba, wọn ò so ó kọ́; wọ́n fi irin gbígbóná sàmì sí i lọ́wọ́, wọ́n lé e kúrò nílùú. Wọ́n sì jíṣẹ́ rẹ̀ fún Ayaba. Wọ́n ní Ayaba kò bú u. Ó kàn kọjú sí ògiri, kò jẹun mọ́. Kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lọ́dún yẹn, ó ti kú.

Lédì Ursley ńkọ́? Ó wà láàfin, ó ń jẹ, ó ń mu. Ẹ má bi mí léèrè.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má sọ pé ẹ ò la ẹnu. Ẹ̀bùn tí ẹ bá gbà lè sọ̀rọ̀ ju ẹnu lọ. Ẹni tó bá finú hàn yín, ẹ má tà á, torí ẹni tó rà á lọ́wọ́ yín kò ní mọ̀ yín lọ́jọ́ ìṣòro. Àwọn àgbà ò sì parọ́: ẹni tó bá dalẹ̀, á bá ilẹ̀ lọ.